Mo ti kánsù jíìmù, àwọn tó ń sin gbèsè ò jẹ́ n gbádùn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbẹ̀kẹ́ Derby:
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Leicester, nílùú Ọba níbí, ni mo ń gbé kí n tó ríṣẹ́ kéà ní Derby, mo forúkọ sílẹ̀ ní jíìmù kan ní Leicester yẹn, £29.99 lóṣooṣù, àdéhùn ọdún kan, tọ́dún kan yẹn bá ti pé ẹni tó bá fẹ́ lọ á kàn fún wọn ní nótíìsì ọgbọ̀n ọjọ́. Mo sanwó ọdún yẹn pé, kò ku kọ́bọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ kó kúrò mo kọ íméèlì sí wọn pé mò ń lọ, mo dúró kí wọ́n yọ owó oṣù tó kẹ́yìn, ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó ní kí báǹkì fagi lé direct debit, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n fi ń yọ owó lóṣooṣù.

Àfi bí lẹ́tà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Jíìmù láwọn ò rí íméèlì kankan, pé àwọn ti gbé ọ̀rọ̀ mi fún kọ́ńpìnnì tó ń bá wọn gbowó, £29.99 ti wá di £214, wọ́n ní admin fee wà níbẹ̀. Èyí tó dé lánàá, wọ́n fi pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé àwọn lè rán èèyàn wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Tí mo bá wà ní ṣíìfù tí mò ń wẹ̀ fún ìyá arúgbó, fóònù á máa gbọ̀n nínú àpò mi, àwọn náà ni. Ọkọ mi ní ká san án ká sinmi, torí ILR wa tó ń bọ̀, ìyẹn ìwé ìgbélùú títí lọ, kí bélífù, àwọn tí kóòtù ń rán wá kó ẹrù onígbèsè, má lọ wá kó tẹlifíṣọ̀n àwọn ọmọ. Èmi ò jẹ wọ́n lówó o. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Tọ́pẹ́:
Àbúrò mi, pa wọ́n tì jàre. Blọ́ọ̀kù nọ́ńbà wọn, ju lẹ́tà sí bíìnì. Wọ́n pe èmi náà títí ó fi sú wọn.

Ìyá Ìbejì Woolwich:
Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má gba ọmọ ọlọ́mọ nírú ìmọ̀ràn yẹn. Àbúrò mi ọkùnrin kó kúrò nínú rúùmù kan, lẹ́tà ń lọ síbẹ̀, ẹni tó kù níbẹ̀ ń tò ó jọ sórí fíríìjì, kò mọ̀ pé ti kóòtù wà nínú ẹ̀. Wọ́n dájọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Ìgbà tó fẹ́ ra mọ́tò láwìn ni wọ́n sọ fún un pé CCJ, ìyẹn ìdájọ́ kóòtù lórí gbèsè, wà lára orúkọ ẹ̀, ọdún 6 gbáko nìyẹn sì máa ń wà níbẹ̀ téèyàn ò bá san án tán láàárín oṣù kan. Ó ní láti kọ fọ́ọ̀mù N244, ó tún sanwó fún kóòtù, kí wọ́n tó lè tún ẹjọ́ náà gbọ́. Àbẹ̀kẹ́, kọ àdírẹ́sì tuntun ẹ sí wọn, má sá fún wọn.

Lékè Fọlọ́ńtíà:
Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn tó ń gba onígbèsè nímọ̀ràn ṣiṣẹ́, irú lẹ́tà yín yìí la máa ń rí jù.

Àwọn tó ń kọ lẹ́tà sí yín yìí, iṣẹ́ ni wọ́n rán wọn, wọn kì í ṣe bélífù. Wọn ò láṣẹ láti wọlé yín, wọn ò láṣẹ láti mú ṣíbí lásán. Tí wọ́n bá wá dógò tì yín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má ṣílẹ̀kùn, ẹ ní kí wọ́n máa lọ. Bélífù ò lè wá láìjẹ́ pé kóòtù ti dájọ́ pé ẹ jẹ gbèsè tẹ́ ẹ wá kọ̀ tẹ́ ẹ ò san. Kò sì kan ọlọ́pàá rárá.

Ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ́, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n máa kọ̀wé. Ẹ̀yin náà ẹ kọ ọ́ pé ẹ ò gbà pé ẹ jẹ gbèsè yìí, ọjọ́ báyìí lẹ fún wọn ní nótíìsì, ẹ̀dà rẹ̀ rèé, kí wọ́n fi àdéhùn tẹ́ ẹ fọwọ́ sí hàn yín, kí wọ́n sì ṣàlàyé bí £29.99 ṣe di £214. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí jíìmù torí àwọn gan-an ló ni ọ̀rọ̀. Ẹ má kọ ọ́ rárá pé ẹ máa san díẹ̀díẹ̀, wọ́n á ní ẹ ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Owó ìtanràn tó bá ga ju bó ṣe yẹ lọ, Consumer Rights Act ti 2015 sọ pé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ò lè de oníbàárà. High Court pàápàá ti bá àwọn tó ń gbowó fún jíìmù wí lórí àdéhùn ìrẹ́jẹ ní 2011, Office of Fair Trading, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ló pè wọ́n lẹ́jọ́ nígbà náà.

Èyí tẹ́ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ni ìwé kóòtù. Kí wọ́n tó pẹjọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ kọ Letter of Claim sí yín, ìyẹn lẹ́tà ìkìlọ̀ pé àwọn fẹ́ pẹjọ́, fọ́ọ̀mù ìdáhùn á wà nínú ẹ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní. Tó bá wá jẹ́ ti kóòtù fúnra ẹ̀, Northampton ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ń wá, ọjọ́ 14 ni, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tètè dá wọn lóhùn pé ẹ ti rí i gbà, ó di 28. Citizens Advice tàbí National Debtline á bá yín wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á bá yín pa gbèsè rẹ́.

Sísí Salford:
Nípa ILR, ẹ bi lọ́yà yín o, àmọ́ gbèsè jíìmù kọ́ ni Home Office, àwọn tó ń fúnni níwèé ìgbélùú, ń wá. Gbèsè NHS, ìyẹn ilé ìwòsàn ìjọba, tó bá tó £500, àti owó ẹjọ́ téèyàn bá jẹ àwọn fúnra wọn, ìyẹn ni wọ́n máa ń bèèrè.

Àbẹ̀kẹ́ Derby:
Olúwa á bù kún gbogbo yín. Ọkọ mi ti kà á, ara ẹ̀ ti balẹ̀ díẹ̀. Mo wá inú íméèlì mi, mo rí èyí tí mo kọ, mo tún rí èsì tí kọ̀ǹpútà jíìmù dá padà lójú ẹsẹ̀ pé àwọn ti rí i gbà, nọ́ńbà wà lórí ẹ̀!

Lékè Fọlọ́ńtíà:
Áà, ẹ̀rí ńlá nìyẹn! Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ fi ti báǹkì tó fi owó oṣù tó kẹ́yìn hàn kún un.

Àbẹ̀kẹ́ Derby:
Lọ́la ni mo máa fi ránṣẹ́. Ṣé mo ní láti san ti recorded delivery ni, èyí tí wọ́n máa ń fọwọ́ sí tí wọ́n bá gbà á?

Ìyá Ìbejì Woolwich:
Rárá. Tó o bá dé Post Office, ní kí wọ́n fún ẹ ní proof of posting, ìwé ẹ̀rí pé o ti fi lẹ́tà ránṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Ya fọ́tò ẹ̀ kó o tó kúrò ní káńtà.