Irú fáìlì wo ló yẹ kí n fi gba fídíò kásẹ́ẹ̀tì wọlé kí n tó máa gé e?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa fídíò. Kásẹ́ẹ̀tì VHS mẹ́jọ, wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, àti MiniDV mẹ́rin, wákàtí kọ̀ọ̀kan, ló wà nílẹ̀. PAL (ètò tẹlifíṣọ̀n tó ń fi àwòrán 25 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni gbogbo wọn. Mo fẹ́ kó wọn sínú kọ̀ǹpútà ilé, kí n gé ibi tí kò wúlò dànù, kí n kọ àkọlé sí i, káwọn ará ilé lè wò ó lórí fóònù. Irinṣẹ́ USB tí wọ́n fi ń gba fídíò wọlé ló wà lọ́wọ́. Ó ní kí n mú ọ̀kan nínú MPEG-2, MP4 H.264, DV AVI, àti AVI tí wọn ò fún pọ̀ rárá. Àyè 400 GB ló kù lórí hard disk. Èwo ni kí n mú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú.

Èsì kìíní

Ẹ kọ́kọ́ ya kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì sọ́tọ̀, torí ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí kálukú ń gbà wọlé.

Díjítà ni MiniDV látinú kámẹ́rà wá. Tí ẹ bá fi wáyà aláwọ̀ yẹ́lò gbé e gba inú irinṣẹ́ USB yẹn, ńṣe lẹ̀ ń tú ohun tó ti jẹ́ díjítà palẹ̀ kẹ́ ẹ tó tún un tò, àwòrán á sì bàjẹ́ díẹ̀ ní àlọ àti ní àbọ̀. FireWire, ìyẹn ojú wáyà díjítà tó wà lára kámẹ́rà MiniDV, ni kẹ́ ẹ lò. Ohun tó wà lórí téèpù gan-an ló máa dà kọ. Bí kọ̀ǹpútà ò bá ní ojú FireWire, tó bá jẹ́ ti orí tábìlì, ẹ ki káàdì PCIe rẹ̀ bọ inú rẹ̀. Wáyà tó ní ojú FireWire lápá kan, ojú USB lápá kejì, kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ má nawó lé e.

Orí VHS ni ìbéèrè yín wà gan-an. MPEG-2 àti H.264 kì í tọ́jú gbogbo àwòrán ní odindi. Wọ́n á tọ́jú ọ̀kan ní kíkún, àwọn tó tẹ̀ lé e á kàn máa sọ ohun tó yí padà. Nínú MPEG-2 ti PAL, àwòrán 12 ló sábà máa ń wà nínú ìdì kan. Tí ẹ bá gé e ní àwòrán keje, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìdì, kó tú u, kó tún un dì. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ó máa fà bí ìgbín nígbà tẹ́ ẹ bá ń fa fídíò síwá-sẹ́yìn. Èyí tó tún burú ni pé eruku orí àwòrán VHS (àwọn àmì kéékèèké tó ń jó lójú àwòrán) ń yí padà ní gbogbo ìgbà, nítorí náà orí eruku ni MPEG-2 máa ná agbára rẹ̀ lé, ojú èèyàn á wá di onígun-onígun.

Nínú DV, àwòrán kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ibi tó wù yín lẹ lè gé. Ó ń gba nǹkan bí 13 GB fún wákàtí kan. Wákàtí 24 ti VHS á jẹ́ 312 GB, MiniDV á fi 52 GB kún un: 364 GB. Á wọlé, àmọ́ ẹ ò ní rí àyè gbé iṣẹ́ tó parí sí, nítorí náà ẹ máa parí kásẹ́ẹ̀tì kan kẹ́ ẹ tó bọ́ sí òmíràn. DV AVI ni kẹ́ ẹ mú.

Èsì kejì

Mo fara mọ́ ọn, àfi ibì kan. Nínú DV, píksẹ́lì mẹ́rin-mẹ́rin ló ń pín àwọ̀ kan lò. Àwọ̀ VHS fúnra rẹ̀ kò mú, nítorí náà ojú lásán kì í fura. Ṣùgbọ́n bí kásẹ́ẹ̀tì kan bá ti pọ́n kọjá ààlà tó fẹ́ àtúnṣe gidi, ẹ fi Huffyuv, irú ìfúnpọ̀ fídíò kan, gba ẹyọ kan yẹn, torí kì í sọ ohunkóhun nù. Èyí tí wọn ò fún pọ̀ rárá ń jẹ nǹkan bí 75 GB ní wákàtí kan. Huffyuv á dín in kù gan-an, àwòrán á sì rí bákan náà. Mi ò rí ìdí tẹ́ ẹ fi máa fàyè ṣòfò.

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣé gan-an. Mo dán DV AVI wò. Ó dúró lójijì lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ohùn ò sì bá ẹnu mu mọ́ nígbà tó fi máa parí.

Èsì kìíní

FAT32 (ètò tí díìsì fi ń to fáìlì) ni díìsì yẹn ń lò. Kò lè gba fáìlì tó ju 4 GB lọ, ogún ìṣẹ́jú DV sì ni ìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ohun tó wà lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ `convert E: /fs:ntfs` sínú Command Prompt ti Windows, kó lè di NTFS, ètò tó ń gba fáìlì ńlá. Lẹ́tà díìsì yín ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò E.

Ní ti ohùn, ẹ wo iye àwòrán tí sọfitíwia ní òun pàdánù. Ó yẹ kó jẹ́ òdo. Bí kì í bá ṣe òdo, ẹ yọ USB kúrò lára hub (ohun tó ń pín ojú USB kan sí púpọ̀), kẹ́ ẹ fi sí ara kọ̀ǹpútà tààrà. Ẹ má gbà á sórí díìsì tí Windows wà. Ẹ dá antivirus dúró lórí fólídà yẹn. Ẹ gbé ohùn sí 48 kHz. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀rẹ̀, láàárín, àti níparí. Bó bá fò lẹ́ẹ̀kan náà, ibi tí téèpù ti ká ló fà á, ẹ gé ohùn níbẹ̀ kẹ́ ẹ sún un. Bó bá ń sún díẹ̀díẹ̀, aago irinṣẹ́ yẹn ni kò bá ohùn dọ́gba, ẹ fa gbogbo ohùn gùn tàbí kẹ́ ẹ sún un kì.

Èsì kẹta

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ìlà. Ìdajì-ìdajì ni VHS ń ya àwòrán, ìlà kan fo ìlà kan. Ìlà ìsàlẹ̀ ló ń ṣáájú nínú DV. Ní ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ USB, tòkè ló ń ṣáájú. Bí ètò inú sọfitíwia bá yàtọ̀ sí ti fáìlì, ọwọ́ tẹ́nì kan ń jù á máa lọ síwájú, á padà sẹ́yìn, bíi pé ó ń gbọ̀n. Ẹ ṣe ìṣẹ́jú kan péré, kẹ́ ẹ wo ibi tí nǹkan ti ń yára kọjá. Ẹ má ṣe pa ìlà pọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbà á wọlé. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń gbé e jáde fún fóònù ni kẹ́ ẹ ṣe é, sí àwòrán 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ní H.264. Ibẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti gé àwọn ìlà wíwọ́ tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá dànù.