Òòyì ń kọ́ ọmọ mi lẹ́yìn tó ṣubú: ṣé inú etí ni?

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn.

Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 9, ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ó sì fi ìpàkọ́ lu sìmẹ́ńtì. Wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀: kò sí ẹ̀jẹ̀, egungun kò sán. Àmọ́ láti ìgbà náà, bó bá ti yí sí apá ọ̀tún lórí bẹ́ẹ̀dì, á pariwo pé ilé ń yí, á dì mí mú gírígírí. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa, ẹyinjú rẹ̀ ń gbọ̀n fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dúró. Nígbà míì, á bì.

Dókítà ní ó lè jẹ́ inú etí lọ́hùn-ún. Àwọn hóró tíntìntín kan wà níbẹ̀. Bí orí bá gbá nǹkan, wọ́n lè já bọ́ sínú ihò olómi tó ń sọ fún ọpọlọ pé orí ń yí. Ó ní àwọn lè yí orí rẹ̀ lọ́nà tí wọ́n ń pè ní Epley, kí hóró náà padà sáyè rẹ̀.

Ta ni wọ́n ti ṣe é fún ọmọ rẹ̀? Ṣé ẹ̀ẹ̀kan tó? Ọmọ mi tún ní etí ọ̀tún òun ń hó. Ṣé kí n béèrè fún àyẹ̀wò ìgbọ́ràn? Ìyá ọkọ mi ní ká kán òróró sí i. Mi ò gbà, torí bí ìlù etí bá ti ya ńkọ́?

Ìbàdàn la wà. Ẹni tó bá ti gbé ọmọ lọ sí ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní UCH, ẹ bá mi sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀.