Ẹ gbà mí o, òwú pupa ni mo fi rán léèsì aláwọ̀ ewé!

Àdùkẹ́ Aránṣọ: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Oníbàárà kan da aṣọ ẹbí rẹ̀ lé mi lórí lánàá, ó ní òwú pupa ni mo fi rán léèsì aláwọ̀ ewé. Kò sanwó, ó tún ń bú mi kiri lórí Wásáàpù. Ọmọ iṣẹ́ mi rí òwú náà lẹ́nu abẹ́rẹ́, kò sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ló ń rín! Kí ni kí n ṣe fún oníbàárà yìí?

Ìyá Ìbejì: Ẹ dá owó aṣọ rẹ̀ padà. Ẹ ń ránṣọ lóru láìsí iná, kí lẹ rò?

Àdùkẹ́ Aránṣọ: Ọ̀sán gangan ni, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Bọ̀dá Káyọ̀dé: Bí àbúrò mi ọkùnrin ṣe rí nìyẹn. Láti kékeré ni kò ti mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Wọ́n ṣí ìwé Ishihara sí i, tó kún fún àmì roboto aláwọ̀ oríṣiríṣi. Nọ́ńbà tí gbogbo wa rí níbẹ̀, òun ò rí i. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ ìyá wa ló ti jogún ẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ìyá náà ni ẹ̀bi tún jẹ́, àbí?

Nọ́ọ̀sì Bùkọ́lá: Kì í ṣe ẹ̀bi, mà. Orí krómósóòmù X ni àbùkù náà wà, ìyẹn ọ̀kan lára ohun tín-ín-tìn-ìn inú ara tó ń gbé àjogúnbá láti ọ̀dọ̀ òbí sọ́dọ̀ ọmọ. Ọ̀kan ṣoṣo lọkùnrin ní, ọ̀dọ̀ ìyá ló ti gbà á. Obìnrin ní méjì, tí ọ̀kan bá lábùkù, èkejì á gbè é. Láàárín àwọn òyìnbó Yúróòpù, bí ọkùnrin 1 nínú 12 ló ní in, obìnrin bí 1 nínú 200. Ṣùgbọ́n ìyẹn àbímọ́ ni. Àǹtí Àdùkẹ́, ìgbà wo ni tiyín bẹ̀rẹ̀? Ṣé ẹ ń lo oògùn kankan?

Àdùkẹ́ Aránṣọ: Ọ̀rọ̀ oníbàárà ni mo gbé wá, kì í ṣe ti oògùn. Ojú mi dáa, èmi náà ni mo ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Pupa nìkan ni kò pọ́n mọ́ láìpẹ́ yìí. Ata rodo inú abọ́ dà bíi pé wọ́n fi eérú pa á lára.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kán omi àgbọn sí i.

Nọ́ọ̀sì Bùkọ́lá: Ẹ má kán nǹkan kan sójú o! Oògùn ńkọ́, Àǹtí?

Àdùkẹ́ Aránṣọ: Mi ò fẹ́ sọ ọ́ níbí. Ti ikọ́ ife ni. Wọ́n ní n ò gbọ́dọ̀ fo ọjọ́ kan, mi ò sì fò ó.

Nọ́ọ̀sì Bùkọ́lá: Ẹ ṣeun tẹ́ ò fò ó. Ethambutol máa ń wà nínú oògùn oṣù méjì àkọ́kọ́. Ó lè ṣe iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ níjàǹbá, pupa àti àwọ̀ ewé ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ dàrú. Ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn tó fún yín lóògùn lónìí, kẹ́ ẹ tó lo ti ọ̀la, kí dókítà ojú yẹ̀ yín wò. Àwọn ló máa yọ ethambutol kúrò nínú oògùn yín. Ẹ má fúnra yín dá oògùn yòókù dúró o. Tí wọ́n bá tètè yọ ọ́, ojú sábà máa ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀.

Àdùkẹ́ Aránṣọ: Oníbàárà náà ń bọ̀ láago mẹ́rin.

Bọ̀dá Káyọ̀dé: Kí ọmọ iṣẹ́ tú òwú pupa yẹn kúrò, kó fi èyí tó bá a mu rán an. Ẹ̀yin ẹ máa lọ.