"Àkúrun" tàbí "àpakù": kí ni kí a kọ sábẹ́ fọ́tò igún?

Ẹ̀yin àgbà èdè àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Ẹnì kan nínú wa dá a lábàá pé "ẹ̀yà àkúrun" ni kí a máa pe àwọn ẹran ìgbẹ́ àti ẹyẹ tí wọn kò pọ̀ mọ́ láyé, nítorí pé "kú run" ti wà lẹ́nu wa tipẹ́, kò sì ṣòro fún ọmọdé láti pè. Mo gbà pé ó rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n n kò gbà pé òtítọ́ ni ó sọ. Ohun tí ó bá kú run, ó lè jẹ́ àìsàn tàbí ọ̀dá ni ó mú un lọ, kò sì sí ẹni tí a ó bi léèrè. "Pa" kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó pa nǹkan wà níbì kan.

Láìpẹ́ yìí, a to fọ́tò àwọn ẹ̀dá inú igbó wa sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Èbúté-Mẹ́ta, èmi ni mo sì kọ ọ̀rọ̀ abẹ́ wọn. Ti igún ni ó tóbi jù: orí tí kò ní ìyẹ́, awọ ojú tí ó pọ́n bí ara ọmọ tuntun, àti ìyẹ́ wẹ́wẹ́ tí ó bo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ bí ìborùn. Ìyá kan tí ó ń ta èlùbọ́ ní Ọyìngbò dúró tì í pẹ́. Ó ka ohun tí mo kọ, "Ẹyẹ tí ó ń kú run", ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé ó ń kú ni, àbí wọ́n ń pa á?" N kò rí èsì fọ̀ fún un.

Àwọn baba wa ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Síbẹ̀ orí igún wà lórí àtẹ, àwọn kan sì ń fi májèlé sí òkú ẹran tí ó ń jẹ. Láti ọdún 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, ti kà á mọ́ àwọn tí ewu àtiparẹ́ wọn ga jù lọ. Odídẹrẹ́ bọ́ sí ìpele tí ó tẹ̀ lé e ní 2016, nítorí ìdẹkùn àwọn tí ń tà á àti igbó tí à ń gé. Akika, tí wọ́n ń wá ẹran àti ìpẹ́ rẹ̀ kiri, bá a níbẹ̀ ní 2019. Èwo nínú wọn ni ó ń fúnra rẹ̀ kú?

Nítorí náà, "àpakù" ni àbá tèmi, bí a ti ń sọ àjẹkù àti àfọ́kù: ohun tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a ti pa èyí tí a pa. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ní àlòkù orí ìso ní Yábàá ni yóò wá sí ènìyàn lọ́kàn, àti pé ọ̀rọ̀ náà yóò tẹ́ ẹ̀dá náà. N kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá rí àfọ́kù àwo, ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni ẹni tí ó fọ́ ọ. Ní ti igbó tí à ń gé, "pa igbó run" náà ni a ń wí, nítorí náà "pa" gbà á.

Fún ìpele igún, mo ń ro "àpakù ṣíún". Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, bí a bá gbà á, kí àwọn tí ń tẹ̀wé má ṣe yọ àmì ohùn orí "kù" sílẹ̀, torí pé bí ó bá di "kú", ọ̀rọ̀ náà ti yí padà sí ikú.