Àlàáfíà tó bá mi nídìí ẹní kòkó

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo ti ka ìrírí àwọn tó sọ tiwọn ṣáájú mi, mo sì bá wọn yọ̀ lórí ìwòsàn àti ọmọ tí Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ. Tèmi kò ní iṣẹ́ ìyanu nínú. Àgbẹ̀ kòkó ni mí ní ìlú Oǹdó, oko wa sì wà lọ́nà Ilé-Olújì, níbi tí bàbá mi ti gbin èyí tó pọ̀ jù nínú igi tí mò ń ká lónìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí ọkàn mi ṣe balẹ̀ lọ́dún tí kò sí ohun kan tó yẹ kó mú un balẹ̀.

Bí a bá fọ́ kòkó tán, a ó kó o jọ, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, a ó sì máa yí i padà kí ooru lè kárí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ku ká sá a sórí ẹní nínú oòrùn. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, oòrùn kò yọ. Òjò ń rọ̀ láàárọ̀, ó ń rọ̀ lálẹ́, àrùn tó máa ń sọ kòkó di dúdú lórí igi mú èso púpọ̀ lọ, èyí tí a sì rí ká bẹ̀rẹ̀ sí í bu lórí ẹní. Owó ilé-ìwé ọmọ wa tó wà ní yunifásítì ní Àkúrẹ́ ti tó san, bẹ́ẹ̀ ni gbèsè oògùn tí a fín sí kòkó ṣì wà lọ́rùn mi.

N kò pa ìjọsìn jẹ lọ́jọ́ Ìsinmi kankan. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, àníyàn ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Mò ń gbàdúrà bí ẹni tó ń sin gbèsè lọ́wọ́ Ọlọ́run, nítorí lójú mi, ìgbà tí ìṣòro bá tó tán ni àlàáfíà tó lè dé.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wa ti ọwọ́ bọ inú àpò kòkó wa, ó fi ọ̀bẹ la hóró bíi mélòó kan, ó fi funfun tó ti hù nínú wọn hàn mí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. N kò lè jẹun. Ìyá Ìbejì da kòkó náà sórí ẹní lábẹ́ iná àtùpà, ó ń ṣà á, ó sì ń kọrin sínú. Ara ta mí. Mo ní, “Ìyá Ìbejì, orin wo ló tún kù lẹ́nu rẹ?”

Kò bínú. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ jókòó, ẹ bá mi ṣà á. Èyí tó dára ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí ọ̀kan, ẹ dúpẹ́ kí ẹ tó jù ú sínú agbọ̀n.”

Mo jókòó. Ìdúpẹ́ tí mo kọ́kọ́ ń ṣe kò kọjá ètè. Ṣùgbọ́n hóró kòkó tó bá gbẹ dáadáa máa ń ró pá bí a bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí sí ìró yẹn. Ẹ ṣeun, Olúwa. Ẹ ṣeun, Olúwa. Ìgbà tí agbọ̀n fi máa dé ìdajì, mo ṣàkíyèsí pé èjìká mi ti sọ̀ kalẹ̀, pé n kò ka gbèsè mọ́, àti pé èmi náà ti ń gbe orin.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Fílípì ní orí 4, ẹsẹ 6 àti 7, ti yé mi. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n sórí, síbẹ̀ n kò kíyè sí i pé inú ẹ̀wọ̀n ló ti kọ ìwé náà, àti pé ó so ìdúpẹ́ mọ́ ẹ̀bẹ̀ ṣáájú kí ìdáhùn tó dé. Ó ní àlàáfíà Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọkàn wa, ọ̀rọ̀ tó sì lò lédè Gíríìkì jẹ́ ti ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ìlú. Bí ogun bá ti lọ tán, kí la tún ń fi ẹ̀ṣọ́ ṣe?

A ta èyí tó kù ní owó pọ́ọ́kú. Ìdajì owó ilé-ìwé ló ká, gbèsè oògùn kò sì tán títí di ọdún kejì. N kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ pé onígbàgbọ́ tó bá ń ṣàníyàn kò nígbàgbọ́, nítorí àníyàn ṣì ń kanlẹ̀kùn mi. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé mo ti mọ ibi tí mo lè jókòó sí. Àwọn tí ń bá mi ṣiṣẹ́ lóko pàápàá sọ pé ohùn mi ti rọ̀, ìdùnnú gidi lèyí sì jẹ́ fún mi, nítorí kì í ṣe èmi ni mo sọ fún wọn.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, kòkó wà lórí ẹní lójúde, òjò sì ti ṣú dẹ̀dẹ̀ lápá Ìdànrè. Ìyá Ìbejì ń pè mí pé kí n wá bá òun ká a. Ẹ jẹ́ kí n lọ dá a lóhùn.