AI nu ilà kúrò lójú Bàbá, ìyàwó wọn ní òun ò mọ ẹni tó wà nínú fọ́tò: kí ló ń sọ àwòrán di ti èèyàn?

FótòMolípa:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí ó ti fẹ́ dìjà. Iṣẹ́ fọ́tò àti pósítà òkú ni mò ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, lápá Molípa. Ẹbí kan gbé iṣẹ́ wá, bàbá wọn kú lẹ́ni ọdún 91, wọ́n fẹ́ kálẹ́ńdà, pósítà, àti ìwé ètò ìsìnkú. Fọ́tò kan ṣoṣo tó dáa ni wọ́n ní, dúdú àti funfun, ó ti pẹ́ gan-an, bàbá jókòó sórí àga, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, agbádá bo àga pátápátá, wọ́n ń wo kámẹ́rà tààrà bíi pé kámẹ́rà jẹ wọ́n lówó. Omi ti wọ etí fọ́tò náà, ojú ẹ̀ sì ti ha káàkiri bíi pé ológbò fi èékánná kàn án.

Mo síkáàn ẹ̀, mo jù ú sínú AI, mo ní kó bá mi tún un ṣe. Ìṣẹ́jú kan ò pé, bàbá jáde bíi pé àná ni wọ́n lọ yà á! Àwọ̀ dé, agbádá di sányán, ara ń dán. Àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó àti lókè òkun ń pàtẹ́wọ́ lórí WhatsApp, ọ̀kan tiẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sí mi lójú ẹsẹ̀. Ó wá ku ìyá, ìyàwó bàbá, wọ́n ti lé ní 80. Mo gbé e dé iwájú wọn, wọ́n wò ó, wọ́n tún wò ó, wọ́n ní "Ta nìyí?" Mo ní bàbá ni mà. Wọ́n ní "Ẹni tó jọ bàbá nìyí. Bàbá wá dà?"

Ìgbà yẹn lojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là sí i. AI ti pa ilà bàbá rẹ́! Pélé mẹ́ta mẹ́ta tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, ó rò pé ara ibi tó ti ha ni, ó nù ún dànù. Ó tún la ẹnu wọn, ó kó eyín sí i, bàbá ń rẹ́rìn-ín, bàbá tí ìyá ní látìgbà tóun ti fẹ́ wọn, wọn ò rẹ́rìn-ín níwájú kámẹ́rà rí.

Àwọn ọmọ ní ká fi í bẹ́ẹ̀, pé ó mọ́ tónítóní, ta ló tún ń kọlà láyé ìsinsìnyí. Ìyá ní òun ò ní jókòó ti òkú ẹlòmíì. Èmi ni mo wà láàárín. Àbúrò mi obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà nílé ìwé gíga wá ń sọ representation, ó ń sọ index, ó ń sọ punctum, mo ní ṣé orúkọ àìsàn ni gbogbo ìyẹn. Ìbéèrè mi rèé o: kí ló ń sọ àwòrán di ti ẹnì kan? Ṣé kó ṣáà jọ ọ́ ni? Torí ká sòótọ́, èyí tí ìyá kọ̀ yìí hàn ju fọ́tò tó ti bàjẹ́ yẹn lọ.

Ṣàgámù_Bọ́ọ̀sì:
Ẹ̀gbọ́n, AI tí ò mọ̀yàtọ̀ ilà àti ibi tó ha lẹ gbé òkú Ìjẹ̀bú lé lọ́wọ́? 😂 Ẹ dúpẹ́ pé kò gbé táì mọ́ wọn lọ́rùn. Ẹ dá ilà bàbá padà jàre kẹ́ ẹ lọ gba bàláǹsì yín.

TíṣàÒkèAgbò:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo wà, mo ti fọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán yíyà, ẹ jẹ́ n sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀. Àìsàn ò ṣe àbúrò yín. Ará Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Charles Sanders Peirce, 1839 ni wọ́n bí i, ó kú ní 1914, òun ló ní kì í ṣe ọ̀nà kan náà ni gbogbo àmì ń gbà jẹ́ àmì. Òmíì jẹ́ àmì torí ó jọ nǹkan ọ̀hún, bí ẹja tí wọ́n yà sára pátákó ẹlẹ́ja. Òmíì jẹ́ àmì torí pé nǹkan ọ̀hún fara kàn án, bí ojú ẹsẹ̀ ewúrẹ́ nínú ẹrẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, ojú ẹsẹ̀ yẹn ò jọ ewúrẹ́ rárá, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ti gba ibẹ̀ kọjá, ẹnikẹ́ni ò lè bá yín jiyàn ẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní index. Ẹ̀kẹta ló jẹ́ pé a jọ fẹnu kò sí i ni, bí àrokò, bí iná pupa ojú títì.

Fọ́tò fíìmù ayé àtijọ́, ó jọ èèyàn, ó sì tún jẹ́ ojú ẹsẹ̀ ewúrẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó bà lé ojú bàbá lọ́jọ́ yẹn gan-an ló lọ bà lé fíìmù. Èyí tí AI gbé fún yín jọ wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n eyín yẹn, eyín ta ni? Ó ṣà á jọ látinú eyín àìmọye èèyàn tí ò gba Ìjẹ̀bú kọjá rí. Ká ní èmi ni mò ń máàkì ìdánwò, gbólóhùn tí ìyá sọ yẹn, "Ẹni tó jọ bàbá nìyí, bàbá wá dà," màá fún un ní gbogbo máàkì.

Ilà wá tún lágbára ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ọ̀bẹ olóòlà fara kan ẹran ara, ojú ẹsẹ̀ nìyẹn. Ilé àti ìlú fẹnu kò sí bó ṣe máa rí, àdéhùn nìyẹn. Nǹkan tí wọ́n kọ sójú bàbá kí wọ́n tó mọ orúkọ ara wọn kọ ni ẹ̀rọ kà sí ìdọ̀tí o.

Adé_Ìpéru:
Tíṣà, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ bíi pé àwọn baba wa fẹ́ kí àwòrán jọ èèyàn bíi ti dígí. Robert Farris Thompson, òyìnbó Amẹ́ríkà, wá sílẹ̀ Yorùbá nínú 1960 sí 1970, ó ń kó ère síwájú àwọn èèyàn, ó ń bi wọ́n pé èwo ló dáa, kí ló dé tó fi dáa. Lára ohun tó gbọ́ tó sì tẹ̀ jáde ní 1973 ni jíjọra: ère ò gbọdọ̀ jọ ẹni ọ̀hún jù, kò sì gbọdọ̀ ṣàìjọ ọ́. Wọ́n tún ní ọ̀dọ́ ló dáa kí ère jẹ́, kì í ṣe ògbólógbòó. Ẹ lọ wo ère ìbejì. Ọmọ tó kú lóṣù mẹ́ta, wọ́n á gbẹ́ ẹ lọ́mú, wọ́n á gbẹ́ ẹ nílà, wọ́n á dirun fún un, àgbàlagbà pátápátá. Nítorí náà pé AI sọ bàbá di ọ̀dọ́, ìyẹn ò ṣàjèjì sí wa. Ìyá ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ síyẹn, àbí wọ́n sọ?

Ẹ̀rín yẹn ló burú lójú tèmi. Stephen Sprague kọ̀wé nípa fọ́tò àwọn Yorùbá ní 1978, ó ní ìjókòó yẹn, ọwọ́ lórí orúnkún, ojú síwájú, aṣọ tó tẹ́ rẹrẹ, tọ́ka sí nǹkan kan náà tí ère ń tọ́ka sí: iyì, ìfarabalẹ̀, ipò. Fọ́tò bàbá kì í ṣe "bí bàbá ṣe rí lọ́sàn-án Tuesday". Bàbá tó jókòó sípò bàbá ni. AI wá gbé ojú ẹni tó ń polówó ọṣẹ ìfọyín lé agbádá.

Àti pé tó bá jẹ́ ti ká jọ ni, ẹ wo Awólọ́wọ̀ tiwa ní Rẹ́mọ. Ẹ ya fìlà yẹn, ẹ ya gíláàsì roboto méjì sábẹ́ ẹ̀, ẹ má ya imú, ẹ má ya ẹnu, ẹ gbé e fún ọmọ kékeré ní Ìkẹ́nnẹ́. Á pè é lórúkọ. Látọdún 1999 tí wọ́n ti wà lórí 100 náírà, ta ló tún ń wo ojú wọn kó tó mọ̀ pé àwọn ni?

Ọmọ_Òde_Gidi:
Ẹ ti dá àwọn ọmọ lẹ́bi jù. Kí ló burú nínú kéèyàn fẹ́ kí bàbá òun hàn kedere? Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ ní Awo, àwa náà ní Àìná Onabolu, Ìjẹ̀bú-Òde níbí ni wọ́n ti bí wọn ní 1882. Láyé ìgbà yẹn tí òyìnbó gbà pé aláwọ̀ dúdú ò lè ya èèyàn kó jọ ọ́, àwòrán inú ìwé òyìnbó ni wọ́n fi kọ́ ara wọn, nígbà tó fi máa di 1906 wọ́n ti ya obìnrin Èkó kan, Mrs Spencer Savage, tó jókòó pẹ̀lú gbogbo iyì ẹ̀. 1920 ni wọ́n tó lọ kàwé ní London. Nígbà tí wọ́n dé, bí ọ̀nà ṣe ń tín-ín-rín lọ tó bá jìnnà ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ Èkó títí wọ́n fi sọ wọ́n ní Mr Perspective.

Ibi tó wá dùn nìyí. Àwọn fúnra wọn ló ní kí ìjọba fi tíṣà kún tíṣà, wọ́n gbé Kenneth Murray wá láti ìlú òyìnbó ní 1927, ìyẹn dé, ó ní kí àwọn ọmọ fi àwòrán òyìnbó sílẹ̀, kí wọ́n dúró ti iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ wọn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ń kọ́ wọn ní ojú òyìnbó, òyìnbó ń kọ́ wọn ní ojú Yorùbá 😅 Ẹ bá mi dá ẹjọ́ yẹn. Kí àwòrán jọ èèyàn kì í ṣe ẹrú òyìnbó o, lójú Onabolu ẹ̀tọ́ wa ni.

Kẹ́hìndé_Ìlíṣàn:
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń kà á bọ̀ látàárọ̀. Ìbejì ni mí. Táyé mi kú ká tó pọ́mọ ọdún méjì. Ìyá mi ò gbẹ́ ère torí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ọkàn wọn ò balẹ̀, nígbà tí mo tó ọmọ ọdún mẹ́fà wọ́n wọ̀ mí láṣọ, wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò. Onífọ́tò jókòó mi sápá ọ̀tún, ó yà mí. Ó tún ní kí n bọ́ sápá òsì, ó tún yà mí. Nígbà tó máa jáde, ọmọ méjì ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, aṣọ kan náà, bàtà kan náà. Ògiri pálọ̀ ni fọ́tò yẹn wà títí ìyá mi fi kú. Tí àlejò bá wọlé, wọ́n á nàka sí i, "Táyé nìyẹn, Kẹ́hìndé nìyí." Ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n nírọ́ rí. Èmi náà ń kí i láàárọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Tíṣà, ìmọ́lẹ̀ tèmi nìkan ló wà lórí fíìmù yẹn. Ti Táyé wá dà?

TíṣàÒkèAgbò:
Mà, ẹ ti pa mí lẹ́nu mọ́. Ẹ̀rí ọkàn mi ò ní jẹ́ kí n pè é ní irọ́, mi ò sì lè pè é ní ojú ẹsẹ̀. Babatunde Lawal kọ ọ́ ní 2001 pé inú "à-wò-rántí" ni ọ̀rọ̀ àwòrán ti wá, ohun tá a ń wò ká fi rántí ẹni. Bóyá ibẹ̀ ni mo ti yẹ kí n bẹ̀rẹ̀. Ìyá yín mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ rántí, onífọ́tò mọ̀, gbogbo ilé mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. AI ò bi ẹnì kankan ní nǹkan kan kó tó mú ilà kúrò.

Àjọkẹ́_n_yàwòrán:
Èmi ni àbúrò tí wọ́n ń sọ 😩 ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, àmàlà ló wà lọ́kàn wọn. Ọ̀rọ̀ punctum yẹn, ti Roland Barthes ni, ará Faransé. Ìyá ẹ̀ kú ní 1977, ó wá ń tú gbogbo fọ́tò ìyá ẹ̀ wò, gbogbo ẹ̀ ló jọ ọ́, kò sì rí ìyá ẹ̀ nínú èyíkéyìí. Ibi tó ti wá rí i ni fọ́tò tí wọ́n ya ìyá yẹn nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 5, nígbà tí wọn ò tíì bí òun gan-an. Ó kọ ìwé lé e lórí, ìwé yẹn jáde ní 1980, àwọn fọ́tò mìíràn kún inú ẹ̀ ṣùgbọ́n kò fi ti ìyá ẹ̀ hàn wá, ó ní lójú tiwa fọ́tò lásán ló máa jẹ́. Punctum ni nǹkan kékeré tó gún èèyàn nínú fọ́tò, tí ẹni tó yà á lè má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ò ju pé kí wọ́n lọ bi ìyá léèrè ibi tó gún wọn.

FótòMolípa:
Mo dúpẹ́ o, gbogbo yín pátá, Kẹ́hìndé mi, ẹ kú ìrántí. Àjọkẹ́, àmàlà kọ́, ìkọ́kọrẹ́ ni.

Ẹ gbọ́ ibi tó dé dúró. Mo fi AI sílẹ̀, mo gbé síkáàn àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà, ọwọ́ ni mo fi nu ibi tó ti ha, díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ méjì gbáko, Ojúde Ọba sì ń bọ̀ tí iṣẹ́ wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Mo pa ẹnu bàbá dé. Mo dá ilà padà, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, mo tọ́ ọ dáadáa kó dọ́gba. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde lórí pépà ńlá, mo gbé e lọ.

Ìyá gbà á, wọ́n bọ́ gíláàsì wọn, wọ́n gbé pépà súnmọ́ ojú, wọ́n fi ìka wọn tọ ilà yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó. Wọ́n ní "Ọ̀tún pé." Wọ́n dé òsì, ìka wọn dúró lórí èyí tó kẹ́yìn. Wọ́n ní èyí ò rí báyìí, ó wọ́ díẹ̀ lọ sọ́nà etí, torí ìyá bàbá sọ fún wọn pé bàbá já orí gbà lọ́wọ́ olóòlà nígbà tó kan ti ìkẹyìn. Àwọn máa ń fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ ẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo fa síkáàn àkọ́kọ́ sún mọ́ra títí ojú bàbá fi kún sìkírìnì. Ó wọ́ lóòótọ́. Ó wà níbẹ̀ kedere, èmi ni mo tọ́ ọ.

Iwájú ẹ̀ ni mo jókòó sí báyìí. Àwọn ọmọ ní káwọn gba kálẹ́ńdà ní Friday.