Ìwòràwọ̀, ìtòràwọ̀ àbí ìmọ̀ ìràwọ̀: èsì mi nítorí àwọn ọmọdé

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, tí a bá fẹ́ fi ohun ojú sánmà han àwọn ọmọ kéékèèké tí kò láǹfààní káàkiri àgbáyé, orúkọ wo ni ká pe ẹ̀kọ́ náà, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní astronomy, ní Yorùbá? Ẹnì kan ní "ìwòràwọ̀". Ẹlòmíràn ní "ìtòràwọ̀" ti wà nílẹ̀, ká má wulẹ̀ da ara wa láàmú. Èmi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì; ìmọ̀ ìràwọ̀ ni tèmi.

Ìwòràwọ̀ dùn lẹ́nu, mo sì ti lò ó rí. Mo sọ fún ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́fà kan pé a máa ṣe ìwòràwọ̀ lálẹ́. Kíá ló tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú mi, ó ní, "Ẹ wò ó, kí ni màá dà tí mo bá dàgbà?" Ọmọ yẹn ò ṣì mí gbọ́ rárá. Létí gbogbo wa, awòràwọ̀ ni ẹni tó ń wo ìràwọ̀ ẹni kó lè sọ àyànmọ́ ẹni. Nígbà tí a bá sì ń gbàdúrà pé kí ìràwọ̀ ọmọ wa máa tàn, kì í ṣe ohun tó ń tàn lókè là ń wí. Ọ̀rọ̀ yẹn ti níṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ti ìtòràwọ̀, ó jọ pé Gíríìkì ló tẹ̀ lé: astron ni ìràwọ̀, nomos ni òfin tàbí ètò. Fún ìwé yunifásítì, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún márùn-ún á béèrè pé ta ló ń to ìràwọ̀, ìdáhùn rẹ̀ á sì gbà wá ní gbogbo alẹ́.

Ẹ wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ṣe é. Ilimin taurari ni Hausa ń pè é, àwọn ará Netherlands ń pè é ní sterrenkunde; ìmọ̀ ìràwọ̀ ni méjèèjì. Mo dìídì mẹ́nu ba Netherlands, nítorí George Miley, onímọ̀ ìràwọ̀ ní Leiden níbẹ̀, ló dá ètò ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ Universe Awareness sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ọdún 4 sí 10, pàápàá àwọn tí àǹfààní kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Lọ́dún 2009, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè yà sọ́tọ̀ fún ìmọ̀ yìí, irinwó ọdún lẹ́yìn tí Galileo gbé awò ọ̀nà jíjìn sójú, ètò náà wà lára àwọn òpó ayẹyẹ ọ̀hún. Bọ́ọ̀lù, iná àti ìtàn ti tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà. Níbi tí kò bá sí awò, ọ̀rọ̀ ẹnu olùkọ́ ni awò.

Ẹnì kan á ní òṣùpá kì í ṣe ìràwọ̀, kí ló dé tí a ó fi pè é ní ìmọ̀ ìràwọ̀? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe wa ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀: Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni, Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Àwọn àgbà wo òkè, wọ́n rí ohun tí àwọn èèyàn ń sọ, wọ́n sì tún un ṣe. Àwa náà lè fi kún un pé Àgùàlà, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Venus, kì í ṣe ìràwọ̀ pàápàá, plánẹ́tì ni, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń dá padà sí wa. Oòrùn gan-an wá ni ìràwọ̀. Ọmọ tó bá gbọ́ ìyẹn á lanu.

"Ọmọ òtòṣì" tí ẹnì kan dábàá pé ká máa pe àwọn ọmọ tí kò láǹfààní, ẹ jọ̀ọ́, rárá. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló máa ka ohun tí a bá kọ. Ẹlòmíràn nínú wọn, ogun ló lé e nílé. Òbí rẹ̀ lè má jẹ́ òtòṣì tẹ́lẹ̀.

Ibi tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ ìṣe náà, "yí". A ní ayé ń yí, a tún ní ayé ń yí oòrùn ká. Mo gbé bọ́ọ̀lù fún ọmọbìnrin ọjọ́sí, mo tan iná sáàárín yàrá, mo ní kó yí i. Ó dúró, ó ní, "Kí n yí i lọ́wọ́ mi, àbí kí n gbé e yí iná ká?" Àkọ́kọ́ ló ń fún wa ní ọ̀sán àti òru, èkejì ló ń fún wa ní ọdún. Àbá mi ni "pòòyì" fún àkọ́kọ́, bí òkòtó ṣe ń ṣe, àti "yí po" fún èkejì.

Ẹ fi òṣùpá dán an wò: òṣùpá ń pòòyì, ó sì ń yí ayé po, bí ọjọ́ 27 ni ìkọ̀ọ̀kan ń gbà á, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ka gbólóhùn yẹn fún ọmọ kan tó wà nítòsí yín, kí ẹ kọ ohun tó bá bi yín ránṣẹ́ sí wa.